Ọdún Márùn-ún Gaonou

Àwọn tó mọ Gaonou Lor ní ìlú Saint Paul, ní Amẹ́ríkà, máa ń sọ pé ọmọ náà ò ní àléébù kankan ju pé bí ìwé bá ṣe wí ló máa ń ṣe. Bí ìwé bá ní kó jókòó, yóò jókòó. Bí ìwé bá ní kó fi ìfẹ́ sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, ó ṣeé ṣe kó fi sílẹ̀. Àwàdà ni wọ́n fi ń ṣe nígbà náà. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè fi rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ó ń kàwé gba oyè kejì ní yunifásítì kó lè di olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́, ìyẹn ẹni tí ọmọ iléèwé máa ń lọ bá nígbà tí ayé bá rú u lójú, tí kò sì rí ìyá tàbí tíṣà tó lè sọ ọ́ fún. Ẹgbẹ̀ta wákàtí ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ náà ní iléèwé gírámà kan kí wọ́n tó fún un níwèé ẹ̀rí. Wọ́n fún un ní yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé, àga mẹ́ta, páálí tíṣù kan àti rẹkọ́dà kan, nítorí ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì gbọ́dọ̀ gbọ́ bó ṣe ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Yer Moua, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá rẹ̀ kú ní oṣù Kẹjọ, láti ìgbà náà kò sì lanu sọ̀rọ̀ níléèwé mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe alágbàtọ́ rẹ̀. Gaonou ti múra sílẹ̀ de àgbàlagbà kan, àfi bí ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe wọlé, tí iná ìjórin ti jó ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ níhò-níhò.

"Ẹ má bínú sí aṣọ mi, Mísì. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Irin ni mò ń jó."

"Kò sí wàhálà, ẹ jókòó. Ṣé ẹ̀yin ni bàbá Yer?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí. Fue lorúkọ mi. Ṣé mo ti wá darúgbó tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Ojú ti Gaonou débi pé ó ń wá bíró tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni Yer, tó ti dákẹ́ lórí àga rẹ̀ látàárọ̀, fi imú rẹ́rìn-ín díẹ̀. Fue yí padà kíá.

"Ẹ gbọ́ ọ? Ṣé ẹ gbọ́ ọ, Mísì? Láti oṣù Kẹjọ ni mo ti ń wá ẹ̀rín yẹn káàkiri inú ilé." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́.

Bí ẹ bá bi Gaonou títí dòní, gbólóhùn yẹn ló máa ní ó ba òun jẹ́. Ọkùnrin tó ń wá ẹ̀rín àbúrò rẹ̀ káàkiri ilé. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni Fue ń wá, ní ọjọ́bọ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejìlá, Gaonou ti mọ ìró ọkọ̀ rẹ̀ láàárín gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn lórí yìnyín níta. Bí ó bá ti gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ á fò. Á wá máa bá ara rẹ̀ wí pé, "Gaonou, ọmọ yìí lo wà níbí fún o. Ọmọ yìí ni." Ó sì ń ṣe iṣẹ́ ọmọ náà tọkàntọkàn, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ ọn. Ní oṣù Kìíní, Yer la ẹnu. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé òun ti ń gbàgbé ohùn ìyá òun. Ó sọkún fún odidi wákàtí kan, Gaonou sì jókòó tì í.

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, Gaonou máa ń gbé rẹkọ́dà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀mọ̀wé Halvorsen ní yunifásítì. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, tó máa ń hun ìbọ̀sẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀, ó sì dá rẹkọ́dà dúró.

"Gaonou, bí o ṣe ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ máa ń yí padà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá ti wọlé."

"Ẹ gbọ́ ọ, Mà?"

"Adití nìkan ni kò ní gbọ́ ọ."

Gaonou bú sẹ́kún. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ò tíì sọ nǹkan kan fún ọkùnrin náà, pé òun kàn ń ronú pé bí iṣẹ́ bá parí lóṣù Kẹfà, bóyá...

"Kò sí bóyá kankan lóṣù Kẹfà," ni ìyá àgbà náà wí. "O ti ka òfin iṣẹ́ wa. Ọdún márùn-ún gbáko, láti ọjọ́ tí o bá bá ọmọ náà jókòó kẹ́yìn, kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó lè wọ̀ ọ́. Kì í ṣe ọmọ náà nìkan, ó kan gbogbo ará ilé ẹ̀."

"Mà, màá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà yẹn!"

"Mo mọ̀. Ọmọ yẹn ńkọ́, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Bó bá gbọ́ lọ́la pé ẹ̀gbọ́n òun lò ń wò nígbà tí òun ń sunkún ìyá òun, ṣé o rò pé ó tún máa finú han ẹnikẹ́ni láyé ẹ̀?"

"Tí mo bá gbé e fún olùdámọ̀ràn mìíràn lónìí ńkọ́?"

"O lè gbé e. Ọdún márùn-ún ò ní torí ìyẹn di mẹ́rin. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Mà."

Ọ̀mọ̀wé Halvorsen gbé ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Gaonou wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé, ó ń rò ó lọ, ó ń rò ó bọ̀. Bí ó bá gbé Yer fún ẹlòmíràn báyìí, ẹnu tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa tún pa dé. Kí bọ́ọ̀sì tó dé òpópónà ilé wọn, ó ti pinnu pé òun máa bá ọmọ náà dé òpin.

Òpin ọ̀hún dé nínú oṣù Kẹfà. Yer ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, ó ti lọ́rẹ̀ẹ́ méjì. Lẹ́yìn ìjókòó ìkẹyìn, ọmọ náà sáré lọ sí kíláàsì, Fue sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi fìlà rẹ̀ nu ọwọ́.

"Mísì Lor, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó sá lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Ó ti pẹ́. Mo mọ̀ pé ìwé tí mo kà ò tó tiyín, mi ò sì mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí látọjọ́ yìí."

Ẹ wo ohun tí ìwé kíkà lè ṣe fún ènìyàn. Láti ọdún méjì ni wọ́n ti ń kọ́ Gaonou pé bí ẹnìkan bá sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo, kó má ṣe kánjú fèsì. Kó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà padà fún onítọ̀hún kó gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà kó dákẹ́, kó fi àyè sílẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ títí ó fi wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí ẹ̀rù bà á lọ́jọ́ náà, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe.

"Ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu yín," ni ó wí, "ni pé ẹ nífẹ̀ẹ́ mi, àti pé ẹ̀rù ń bà yín láti sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Fue wí, ó ń wò ó.

Gaonou sì dákẹ́. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń pariwo pé èmi náà, èmi náà, ẹ dúró dè mí. Ó ń wá bí yóò ṣe to ọ̀rọ̀ ọdún márùn-ún kó má dun ọkùnrin náà jù. Níbi tó ti ń to ọ̀rọ̀ ni Fue ti mi orí.

"Ó ti yé mi, Mísì. Ẹ ṣeun fún Yer. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ilẹ̀kùn ti pa dé kí Gaonou tó rí ohùn. Nígbà tó fi máa sáré dé ìta, ọkọ̀ náà ti yà sí títì.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò jẹun gidi. Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Opó ni ìyá yìí. Òun àti ọmọ yìí nìkan ló là á já nínú ilé wọn, tí wọ́n fi dé Amẹ́ríkà láti àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò ní Laos, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Ta ni?"

"Ta ni kí ni, Màmá?"

"Ta ni ọkùnrin náà? Má fi mí ṣe òmùgọ̀ o. Èmi náà ti ṣe ọmọge rí."

"Fue Moua."

"Ọmọ Moua tó ń jó irin yẹn? Aláìníìyá yẹn? Gaonou! Ta ló máa kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ilé wọn? Ta ló máa bá ẹ gbọ́mọ? Àbúrò ẹ̀ sì tún wà lọ́rùn ẹ̀. Ilé tí kò ní ìyá kì í ṣe ilé tí mo tọ́ ẹ sí!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò lè fẹ́ ẹ. Òfin iṣẹ́ mi ní kí n dúró fún ọdún márùn-ún."

Ìyá rẹ̀ sinmi ariwo. Ó wò ó bíi pé orí ọmọ náà ti dàrú. "Ọdún mélòó? Ta ló kọ òfin yẹn?"

"Àwọn àgbà iṣẹ́ wa ni."

"Ṣé wọ́n bímọ obìnrin sílé?" Lẹ́yìn náà ni ó rántí pé òun ò fẹ́ ọkùnrin náà. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òfin náà dáa. Máa jẹun ẹ."

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ Gaonou lọ́kàn ju ọdún márùn-ún lọ ni pé Fue gbà pé òun kọ̀ ọ́. Ìyẹn ni kò lè gbé mì. Ní ọjọ́ Sátidé, ó gba ọjà àgbẹ̀ lọ, níbi tí Bàbá Nhia Yee ti ń ta àlùbọ́sà eléwé. Kò sí ẹni tó gbéyàwó láàárín àwọn Hmong, ìyẹn àwọn ènìyàn wọn tó ti Laos wá sí ìlú náà, láti ogún ọdún sẹ́yìn tí kò mọ bàbá yìí, nítorí òun ni àgbà alárinà wọn.

"Bàbá, mo fẹ́ bẹ̀ yín níṣẹ́ alárinà."

"Ìròyìn ayọ̀ rèé! Ta lọkùnrin tó rán ẹ sí mi?"

"Kò sí ọkùnrin tó rán mi. Èmi ni mo fẹ́ rán yín."

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra gbé àlùbọ́sà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, láti Laos títí dé ilẹ̀ òtútù yìí. Ọkùnrin ló ń rán mi sílé obìnrin. Obìnrin ò rán mi rí."

"Ẹ dákun, Bàbá. Ẹ lọ bá Fue Moua. Ẹ sọ fún un pé mi ò kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Òfin iṣẹ́ mi ní ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ kọjá ká tó lè ríra. Ẹ sọ fún un pé kó má torí àánú dúró dè mí. Bó bá rí ẹlòmíràn, kó fẹ́ ẹ."

"Apá ìkẹyìn yẹn, ṣé tinútinú lo fi sọ ọ́?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó dáa. Màá gbàgbé ẹ̀ lójú ọ̀nà."

Ní Sátidé kejì, Bàbá mú èsì wá, ó kúrú: "Ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọdún." Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Halvorsen gbọ́, ó ní iṣẹ́ náà ò yẹ ní rírán rárá, pé kó má sì rán òmíràn. Gaonou gbà. Láti ọjọ́ náà, kò sí lẹ́tà, kò sí fóònù.

Gaonou gba ìwé ẹ̀rí, ó sì ríṣẹ́ sí iléèwé mìíràn, ní òdìkejì odò. Ọdún kan kọjá, ó pé méjì. Ìyá rẹ̀ mú apòògùn kan wá láti Kalifóníà, ọkùnrin tó ní ilé méjì tí ìyá rẹ̀ sì ṣì wà láàyè. Gaonou dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ní òun ò fẹ́. Ìyá rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bínú.

Ní ọdún kẹta, wọ́n pàdé. Níbi ọdún tuntun àwọn Hmong ni, níbi tí àwọn tí kò tíì gbéyàwó ti máa ń tò ní ìlà méjì, ọkùnrin níhìn-ín, obìnrin lọ́hùn-ún, tí wọ́n á máa ju bọ́ọ̀lù síra wọn kí wọ́n lè fi bára wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Gaonou ló tì í wọ ìlà. Nígbà tó gbójú sókè, Fue ló wà níwájú rẹ̀ gan-an pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ó ti rù díẹ̀. Gaonou fẹ́ kó jù ú sí òun, ó fẹ́ ẹ débi pé ọwọ́ rẹ̀ ti là fúnra rẹ̀. Fue wo ọwọ́ tó là náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ju bọ́ọ̀lù sí ìyá arúgbó kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ìyá náà hán an, ó sì pariwo pé òun ṣì wà lọ́jà. Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, Gaonou náà rẹ́rìn-ín. Ó délé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó sì sunkún.

Nígbà tó ku oṣù méjì kí ọdún karùn-ún pé, Bàbá Nhia Yee ti ń wá alárinà kejì, nítorí méjì ni wọ́n máa ń lọ tọrọ ìyàwó nínú àṣà wọn, ìyá Gaonou sì ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ò tíì gbà, nígbà tó ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹlẹ́dẹ̀ ìgbéyàwó. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni fóònù Gaonou dún.

"Mísì Lor? Èmi ni, Yer."

Yer ti wà ní yunifásítì báyìí, ní ìlú kan tí ọkọ̀ ń fi wákàtí méjì rìn dé. Gaonou dìde dúró. Ohùn tí ọmọ náà fi sunkún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ la ẹnu ló tún padà sí i lẹ́nu yẹn.

"Mi ò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́rú. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí."

"Ṣé o ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Rárá. Ẹ má sọ fún un, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti ṣe tó lórí mi. Mo lọ bá àwọn olùdámọ̀ràn ibí, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kí n tó kàn. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè bá sọ̀rọ̀."

Gaonou mọ ohun tí ọmọ náà ń bèèrè, bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí òun bá tún jókòó tì í, kíkà ọdún márùn-ún náà á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó lè ní kó pe ẹlòmíràn. Ó lè ní kó pe Fue. Ó wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri.

"Yer, ṣé o ń rò ó láti pa ara rẹ lára?"

"Mi ò mọ̀."

"Má ṣe dá wà. Lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ ní yàrá kejì, má sì pa fóònù. Mò ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi ń lọ ní gbogbo Sátidé, títí ó fi kan Yer lọ́dọ̀ àwọn olùdámọ̀ràn ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá Ọ̀mọ̀wé Halvorsen lọ sílé, nítorí ìyá náà ti fẹ̀yìn tì.

"Kò sẹ́ni tó máa pè ẹ́ lẹ́jọ́, Gaonou. Ọmọ náà ti dàgbà, kì í sì í ṣe ọmọ iléèwé rẹ mọ́."

"Mà, ṣé iṣẹ́ ni mo ṣe fún un, àbí iṣẹ́ kọ́?"

Ìyá àgbà náà fi ọwọ́ bo ojú díẹ̀. "Iṣẹ́ ni, ọmọ mi."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni."

Kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún ìyá tirẹ̀ nílé, nítorí àṣírí Yer ni. Ó kàn sọ pé kíkà ọdún márùn-ún náà ti tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí. Ó wọ bàtà, ó sì mú ọ̀nà ọjà lọ bá Bàbá Nhia Yee pé kó má wá alárinà kankan mọ́. Nígbà tó máa débẹ̀, Fue náà wà níbẹ̀, ó ń bá bàbá já ẹrù. Yer ti fẹnu ara rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un lálẹ́ àná. Ìyá Gaonou ti múra sílẹ̀ de ariwo. Ó tilẹ̀ fẹ́ kí ọkùnrin náà pariwo, kí òun lè kórìíra rẹ̀ dáadáa.

"Màmá," ni Fue wí, "àbúrò mi wà láàyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà."

Ìyá Gaonou délé, ó jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe gbọ́ ọ, kò fi nǹkan kan kún un. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ tí ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ pé, ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ìtọrọ, ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé wọn. Gaonou wà ní kíṣìnì. Ó mọ ìró rẹ̀. Bàbá Nhia Yee sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àgbà kan, wọ́n wọlé, wọ́n sì dúró láàárín pálọ̀.

"Ìyá wa, ẹ wo ọwọ́ wa," ni bàbá wí. "A ò gbé agboòrùn alárinà dání, torí a ò wá gbéyàwó lónìí. A kàn wá sọ ọ́ kí ẹ fetí gbọ́ ni: ẹ má fún ẹlòmíràn. À ń bọ̀."

"Òun fúnra ẹ̀ dà?" ni ìyá bèèrè.

"Ó wà nínú ọkọ̀. Ó ní òfin ọmọ yín ò gbà pé kí òun wọlé."

Gaonou dúró nídìí fèrèsé kíṣìnì. Ó rí apá Fue lórí fèrèsé ọkọ̀, ọwọ́ ẹ̀wù tí iná ti jó. Fue ò gbójú sókè, òun náà ò sì pè é. Ó di etí síǹkì ìfọwọ́ mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà gbé e jáde. Ìyá rẹ̀ wọ kíṣìnì wá lẹ́yìn rẹ̀, kò wò ó lójú. Ó bu ìrẹsì, ó bu adìyẹ bíbọ̀ tó dáa jù nínú ìkòkò lé e lórí, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ni Gaonou ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, gba abọ́ yìí. Jẹun dáadáa, ọdún márùn-ún jìnnà."